Táyà Mẹ́rin àti Ilé Adìẹ Tó Tẹ̀lé Wa Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Dobra Niva, Saskatchewan,
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Nikolai Mímọ́.

Orest ọmọ mi, ọkọ mi,

Ẹ̀mí rẹ á gùn. Òtútù tó ń dá igi sí wẹ́wẹ́ nínú oko kò ní mọ ojúlé rẹ, ẹ̀rọ tó ń mú ilé òkè rẹ yẹn gbóná kò ní kú mọ́ ọ lójú, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní wá ẹ̀sùn sí ọ lẹ́sẹ̀, ìyàwó tí o ń fi òní dónìí ọ̀la dọ́la á sì tètè yọjú kí eyín tó kù lẹ́nu mi tó ká tán. Ṣe àmín sí i, má kàn máa fi ojú kà á lọ. Bí o bá bèèrè àwa, a wà. Orúnkún bàbá rẹ ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún wa kí rédíò tó sọ ọ́, màlúù tó kù ń fún wa ní wàrà nígbà tó bá wù ú, èmi náà sì ń rìn, mo ń jẹun, mo ń bá bàbá rẹ jà, ara mi le.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù wà nínú àpótí búrẹ́dì. Ìwọ lo sọ fún mi pé òtútù máa ń pa bátìrì rẹ̀, mo bá fi aṣọ onírun wé e, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, kò sì ṣàìsàn láti ìgbà náà. Bí o bá pè, a máa ń gbọ́, àmọ́ kí n tó tú aṣọ lára rẹ̀ tán, wàá ti kánjú pa á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, ojú rẹ nínú fóònù sì máa ń kéré débi pé ó ń ṣe mí bíi pé o kì í jẹun.

Orest, ọ̀rọ̀ tí o sọ lẹ́yìn ìkórè dùn mí. O ní bí o bá wálé ọdún tí o bá táyà jákujàku lẹ́sẹ̀ píkọ́ọ̀pù wa, wàá ta píkọ́ọ̀pù náà, wàá sì kó èmi àti bàbá rẹ wá sínú ilé òkè rẹ ní Toronto, torí pé o ò lè máa sùn kí o máa ronú pé a ti yọ̀ sínú kòtò. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun bàbá rẹ ò ti jinlẹ̀ mọ́. Ó ń bi mí pé níbo lèèyàn máa ń dúró sí láàárọ̀ níbẹ̀ láti wo ojú ọ̀run. Mo ní mi ò mọ̀. Ilẹ̀ ò sí lábẹ́ yín níbẹ̀, ilé ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ yín, tí ilé ẹlòmíràn tún wà lábẹ́ tiẹ̀. Wọ́n bí bàbá rẹ sínú ilé tí a ń gbé yìí, àárín oko ló wà, kò sì sí bí a ṣe lè gbé ibẹ̀ láìní ọkọ̀. Torí náà, kí o mọ̀ pé a fi ọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ táyà yìí: bóyá a ó kú sílé ara wa tàbí a ò ní kú síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà já sí.

Owó táyà tí o fi ránṣẹ́ dé. Àmọ́ kí báǹkì tó fi sílẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ bi mí nínú fóònù pé kí ni orúkọ ajá wa àkọ́kọ́. Ó yà mí lẹ́nu. Kí ló pa báǹkì pọ̀ mọ́ Brovko? Mo ní bóyá ajá kan ló ṣe wọ́n ní jàǹbá tí wọ́n sì ń wá ìdílé rẹ̀ kiri. Mi ò lè purọ́ fún báǹkì, mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Brovko ni, pé ajá dúdú tí àyà rẹ̀ funfun ni, pé kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí àfi ọkùnrin tó wá ta bíróòṣì, pé ó sì ti kú tipẹ́, tí wọ́n bá ń wá ẹjọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òkú sinmi. Wọ́n ní ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Inú bí mi, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó sí kọ́ńtà ní báǹkì, mo sọ ìtàn ajá náà fún un láti orí dé ìrù. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó fẹ́ sunkún, tàbí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀. Ó ní kí n kọ Brovko nìkan. Owó sì jáde. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ajá tó wà nílé báyìí, orúkọ tiẹ̀ kò kàn wọ́n.

A wá gba ọ̀dọ̀ Vern Pelechaty lọ, fọganáísà tó wà ní Carswell, ọmọ Olha tí èmi àti òun jọ ń kọrin nígbà tí ohùn mi ṣì wà. Vern gbé táyà kan kalẹ̀, ó ní kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwòrán òkè kan wà níbẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó, òjò dídì kan ṣoṣo wà nínú òkè náà bí òdòdó. Vern ní àmì tí èèyàn gbọ́dọ̀ wò kó tó sanwó nìyẹn, pé táyà tí kò bá ní in, kó máa lọ sí ìgbà ooru. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó wá gbé tiwa wá. Ó ní tiwa rèé. Mo ní Vern, a ò ní òkè ní Saskatchewan. Òkè tó ga jù ní gbogbo àdúgbò wa ni ibi tí Metro bàbá rẹ ń kó ìgbẹ́ màlúù jọ sí, èmi kì í sì í wa ọkọ̀ gun ibẹ̀. Mo ní kó lọ wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dáadáa, kó bá mi mú èyí tí wọ́n ya ilẹ̀ pẹrẹsẹ sí lára. Vern wò mí títí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára sòkòtò, ó ní Mama Paraska, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá síta.

Níta, ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ píkọ́ọ̀pù wa, èyí tí wọ́n ń pè ní táyà ìgbà gbogbo. Ó le gbagidi. Ó wá ní kí n tẹ táyà olókè kan tó ti wà níta láti òwúrọ̀ nínú òtútù kan náà. Ìyẹn ṣì ń rọ̀. Vern ní rọ́bà tó bá ti le báyẹn kò lè di yìnyín mú, pé ìgbà gbogbo tí wọ́n pè é yẹn, ìgbà òtútù tiwa ò sí lára ìgbà tí wọ́n kà. Ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ká pààrọ̀, kò sí àbùjá. Èmi gbà. Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ pé èmi gbà.

Bàbá rẹ ni kò gbà. Ó ní táyà ẹ̀yìn ló ń ti píkọ́ọ̀pù yẹn lọ, tiwájú kàn ń yí lásán ni, kí wá nìdí tí èèyàn á fi ra bàtà tuntun fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́. Vern ní rárá, ó ní tí tẹ̀yìn bá di ilẹ̀ mú tí tiwájú ò bá dì í mú, ọjọ́ tí a bá fẹ́ yà lórí yìnyín, ọkọ̀ ò ní yà, yóò kàn máa lọ tààrà síbi tó wù ú. Bàbá rẹ ní òun ti ń wa ọkọ̀ kí bàbá Vern tó mọ ìyá rẹ̀. Bí a ṣe ra olókè méjì nìyẹn, tí Vern fi sẹ́yìn, tó sì ń mi orí bí ó ṣe ń dè é.

Wàá ní owó tó kù ńkọ́. Ìwọ náà lo sọ pé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù fúyẹ́ jù, pé ká di ẹrù sí i, ká ra àpò iyanrìn. Bàbá rẹ ní iyanrìn kẹ̀, ta ló ń fi owó ra ilẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ wà níta. Ó ní ẹrù tó gbọ́n ni ẹrù tó ń wúwo sí i lójoojúmọ́. Ó bá fi owó táyà iwájú ra ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní Metro, mẹ́rin ni ọmọ sọ. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, táyà jẹ́ méjì, tí ọmọ náà bá mọ ìṣirò tí a fi owó kọ́ ọ, kó ṣe é kó wò ó bóyá a ò ti kọjá iye tó bèèrè. Ọmọ mi, mo ti ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ tipẹ́, mo mọ ìgbà tí ó yẹ kí n dákẹ́ kí n lọ po ìyẹ̀fun.

Àbùkù kan ṣoṣo tí ẹrù yẹn ní ni pé ó ń rìn. Bí mo bá yà sí òsì, yóò lọ yọjú lápá òsì. Bí mo bá tẹ bíréèkì, yóò wá fi imú lu gíláàsì ẹ̀yìn orí wa láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òtútù sì ń mú un, bàbá rẹ bá wọ kóòtù onírun àgùntàn rẹ̀ àtijọ́ fún un, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé wa lọ́nà ti ń juwọ́ sí i. Ẹnìkan tilẹ̀ bi mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé ìgbà wo ni àbúrò bàbá rẹ dé.

Gbogbo ìmọ̀ràn yòókù tí ìwọ àti Vern fún wa, a tẹ̀lé e. Ẹ ní kí n máa rọra, kí n má tẹ tọ́tù lójijì, kí n sì jẹ́ kí àyè tó pọ̀ gan-an wà láàárín èmi àti ọkọ̀ tó bá wà níwájú mi. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ọkọ̀ níwájú mi. O mọ ọ̀nà wa. Mo wá ń dúró ní oríta kí ẹnìkan kọ́kọ́ kọjá ná, kí n lè fún un ní àyè. Lọ́jọ́ kan a dúró títí epo fi fẹ́ tán, bàbá rẹ sì sùn lọ. Nígbà tí ẹnìkan wá yọ, ó rò pé ọkọ̀ wa ló bàjẹ́, ó dúró láti ràn wá lọ́wọ́, èmi náà dúró láti fún un ní àyè, bí a ṣe ń wo ara wa nìyẹn. Ẹ tún ní ká máa gbé ṣọ́bìrì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àbẹ́là àti oúnjẹ sínú ọkọ̀, nítorí bí a bá há sójú ọ̀nà. Mo sè piróhì, ìyẹ̀fun pípò tí a fi di ọ̀dùnkún, kún ìkòkò kan, mo fi ọ̀rá àti àlùbọ́sà sí i. Bàbá rẹ máa ń jẹ ẹ́ tán kí a tó jáde nínú ọgbà, ó ní òun ń dín ewu kù.

Wàyí o, ọdún Nikolai Mímọ́, tí kálukú máa ń gbé ẹ̀bùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

O mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú la máa ń ki wáyà iná bọ imú píkọ́ọ̀pù kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì mọ́jú. Lọ́dún yìí, afẹ́fẹ́ ń fa wáyà náà yọ. Bàbá rẹ bá mú okùn tí a fi ń di koríko, ó fi lọ́ wáyà náà láti òkè délẹ̀, ó so orí kan mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, ó so orí kejì mọ́ ilé adìẹ níbi tí a ti ń mú iná, ó sì so ó bí ìgbà tí wọ́n ń so akọ màlúù. O sì rántí pé ilé adìẹ yẹn kò ní ìpìlẹ̀, orí igi gbọọrọ méjì ló jókòó lé, kí a lè máa fi tirakítọ̀ fà á kiri pápá nígbà ooru. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, èmi rò pé bàbá rẹ ti yọ wáyà. Bàbá rẹ rò pé èmi ni mo yọ ọ́. A wọlé sínú ọkọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ wà lẹ́yìn nínú kóòtù rẹ̀, mo ṣe àmì àgbélébùú, mo ṣíná ọkọ̀.

Bí a ṣe jáde lójúde, mo rí i pé ọkọ̀ ń wúwo lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún bàbá rẹ. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó lè dùn dé. Ó ní bí táyà gidi ṣe ń di ilẹ̀ mú nìyẹn, pé ṣé mo rí i báyìí pé méjì tó, pé ká ní mẹ́rin la rà ni, ọkọ̀ ò bá má lè kúrò lójú kan mọ́. Mo ní mo ń gbọ́ igbe adìẹ. Ó ní rédíò ni, àkókò ètò àgbẹ̀ ni. Mo ní rédíò ò sí ní títàn. Ó ní kí n wo iwájú kí n má sọ ara mi di ẹni tó ń gbọ́ ohun tí kò sí.

A dé ibi tí ọ̀nà ti yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi, níbi kòtò jíjìn yẹn. Afẹ́fẹ́ ti gbá òjò dídì kúrò lójú títì, yìnyín lásán ló kù, ó ń dán. Mo rọra yí sítíárìn sí ọ̀tún. Ọkọ̀ ò yà. Mo tún yí i sí i. Orest, mo yí sítíárìn yẹn títí kò fi ṣeé yí mọ́, ojú táyà iwájú wà lápá ọ̀tún, ọkọ̀ sì ń lọ tààrà sínú kòtò pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bíi pé ẹni tó wà níbẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é. Ohun tí Vern sọ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀, kò dín, kò lé. Bàbá rẹ di apá mi mú, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò tiẹ̀ pariwo.

“Paraska, ká má kú báyìí o. Orest á ní òun ti sọ ọ́.”

Mo wá rántí pé Vern ti kọ́ mi. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń yọ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo, kí n má ṣe wo kòtò, kí n wo ibi tí mo fẹ́ lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo sì wo ibi tí mo fẹ́ lọ. Ilé ni mo fẹ́ lọ, mo bá yí ojú padà mo wo ẹ̀yìn. Bí mo ṣe rí ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, ó jókòó bí ìyá àgbà nínú kóòtù, lẹ́yìn rẹ̀ mo rí ilé adìẹ wa tí ń bọ̀ lójú títì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún pàkàpàkà, àkùkọ dúró lórí òrùlé ó na ọrùn sókè. Mo ní Metro, ilé adìẹ ń bọ̀. Ó ní ọkàn mi ti ń kúrò lára, kí n máa gbàdúrà. Kò tíì pa ẹnu dé tí igi abẹ́ ilé adìẹ fi há mọ́ òpó àpótí lẹ́tà tó wà létí ọ̀nà, okùn fà tan-an-ran, a sì dúró. Táyà iwájú méjèèjì wà lófuurufú lókè kòtò. Wọ́n ṣì ń yí.

Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mi ò ní máa ṣe bíi pé kò bà mí. Mi ò lè ká ọwọ́ mi kúrò lára sítíárìn, bàbá rẹ ló ń tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. A jókòó síbẹ̀, a ń gbọ́ bí àwọn adìẹ ṣe ń bú wa. Lẹ́yìn náà mo fi ọkọ̀ sí rìfásì, olókè méjì ti ẹ̀yìn gé yìnyín jẹ, wọ́n rọra fà wá padà sójú ọ̀nà. Bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀ ó lọ tu ilé adìẹ kúrò lára òpó, àmọ́ kò lè tú okùn tí ọwọ́ ara rẹ̀ so, ó ti dì. Ṣọ́ọ̀ṣì sì sún mọ́ ju ilé lọ. Kí la fẹ́ ṣe? A rọra ń fà á lọ.

A wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò tí gbogbo èèyàn dúró síta. Wọ́n yí ojú sí ilé adìẹ. Tekla Romaniuk, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní ẹ wo Metro àti Paraska, ẹ wo ẹ̀bùn Nikolai Mímọ́, wọ́n kó adìẹ wá tòun ti ilé wọn. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Fádà wọ́n omi mímọ́ sí àkùkọ lórí. Ẹnìkan ti ń fi ọ̀bẹ gé okùn. Kí ló yẹ kí n sọ, Orest? Kí n ní rárá o, ẹ dá adìẹ mi padà, a kàn gbàgbé láti yọ wáyà ni? Mo ní ẹ ṣeun, kò tó nǹkan. Bàbá rẹ ò wọlé fún ìsìn, ó jókòó ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi ṣe tán kí Tekla má bàa tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, láìjẹ́ pé mo sọ ohunkóhun, bàbá rẹ di okùn mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́rùn, ó ní ká lọ bá Vern. Mo rọra wà á bí ẹni gbé ẹyin. Vern gba ẹlẹ́dẹ̀, ó fún wa ní olókè méjì fún iwájú, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kò sì sọ pé ṣé mo sọ fún yín, ọmọ tí Olha kọ́ dáadáa ni. Kóòtù nìkan ló bá wa padà wálé. A ra iyanrìn, Vern fi ibi tí a máa tò ó sí hàn wá, sókè táyà ẹ̀yìn gan-an, ó sì fi okùn dè é. Mo rí i pé iyanrìn dára. Kì í yọjú wo ohun tó wà lápá òsì. Vern ní bí òtútù bá mú, afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń súnkì, ká máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ ká sì máa fi kún un. Bàbá rẹ ní ẹ̀bi Vern ni, afẹ́fẹ́ òde ló fún wa, ká ní afẹ́fẹ́ kíṣìnì ni, ìyẹn ti mọ ooru lára. Mo ní kó máa wọ̀n ọ́n, kó sì dákẹ́. Ó ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀, ó ń sọ fún mi iye tó bá níbẹ̀ bí ẹni ń sọ ara aláìsàn.

Fọ́tò tí o bèèrè wà nínú àpò ìwé yìí. Bàbá rẹ ló wọ táì tó dúró ti táyà iwájú yẹn. O ní ká fi owó wẹ́wẹ́ sínú ojú táyà kí o lè rí bó ṣe jìn tó, a fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ya fọ́tò, a wa ọkọ̀ lọ sílé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tí a fi débẹ̀ gbogbo owó ti lọ. Bó bá jẹ́ báǹkì ló gbà á, bá wa bi wọ́n. Bí nǹkan kékeré bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún wa ká fi ra adìẹ mìíràn àti wáyà iná tuntun, wáyà gígùn tó máa tètè yọ. Kí wọ́n má bi mí léèrè ajá mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tìrẹ. O ní ọjọ́ ìṣọ́ ọdún Kérésìmesì ni bàálù rẹ máa balẹ̀ ní Saskatoon, pé wàá háyà ọkọ̀ kékeré kan ní pápákọ̀, wàá dá a wà wálé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo bi Vern. Ó ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà báyẹn, táyà ìgbà gbogbo ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Orest, mo kọ̀ ọ́. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò yà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Ọ̀nà kan náà lo máa gbà, ibi adágún kan náà, ìwọ ò sì ní ilé adìẹ lẹ́yìn. Bí o bá fi ọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn, èmi náà á ta ilé òkè rẹ, màá sì kó ọ wálé wá.

Dúró sínú pápákọ̀ níbi tó gbóná, ra tíì mu, má bá ẹnikẹ́ni lọ. Àwa la máa wá gbé ọ. Láàárọ̀ la máa gbéra, a ó rọra, ojú ọ̀nà á ṣì mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ lè wa ọkọ̀ báyìí, bàbá rẹ á sì ti wọn táyà.

Ní alẹ́ ìṣọ́ ọdún, o mọ̀ pé àwo kan máa ń wà lórí tábìlì wa tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, àwo àwọn òkú ilé. Mo ti máa ń gbé e kalẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, fún bàbá mi, fún ìyá mi, fún ìyá bàbá rẹ. Kì í ni mí lára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ adágún yẹn, bí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo rí àwo náà, orúkọ rẹ ló ń wá sí mi lẹ́nu. Mi ò fẹ́ ẹ. Àwo tìrẹ ni èyí tí a ó bu oúnjẹ sí, tí wàá jẹ tán, tí màá tún bù sí i.

Ọlọ́run tó dá wa dúró lókè kòtò yóò gbé bàálù rẹ balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀. Ilé ayé kò ní ká ọ mọ́ ibi tí ìyá rẹ kò lè dé. A ó bá ọ láàyè, wàá bá wa láàyè.

Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Paraska.